Bọ́ọ̀lù Tí Màámi Fi Ṣe Sàráà

Inú ti ń bí mi kí n tó délé lọ́jọ́ náà. Ọ́fíìsì ni mo wà, ní Oniru, tí Màámi ń pè mí léraléra pé kí n má bínú. Mo bi wọ́n pé kí ni n kò ní bínú sí, wọ́n ní kí n ṣáà má bínú. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì forí lé Ṣàngótẹ̀dó.

Nígbà tí mo wọlé, àbúrò mi Ishaq wà lórí ìdúró nínú pálọ̀. Ó ń ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ti tutù sórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a," ló wí. "Nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó jẹ́."

Èmi mọ̀ ọ́n. Mo jókòó.

Bọ́ọ̀lù ni. Kì í ṣe irú èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá níbí o, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ jù ni, aláwọ pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí bí èso kòkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ishaq nígbà tí àbúrò bàbá wa mú un lọ sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti kọ́ eré náà títí ó fi di kọ́tábáàkì yunifásítì rẹ̀. Kọ́tábáàkì yìí ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń wo ibi tí yóò jù ú sí, nígbà tí àwọn géńdé ọkùnrin ń sáré bọ̀ wá kọlù ú. Wọ́n kọlù ú gan-an ni. Orí ló fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nígbà tó yá, yunifásítì náà fẹ́ yẹ́ àwọn kọ́tábáàkì ńlá tí wọ́n ti ní sí. Wọ́n pe àwọn mẹ́fà jọ, gbogbo wọn buwọ́ lu bọ́ọ̀lù mẹ́fà, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan gbé lọ sílé. Lórí ti Ishaq, orúkọ tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Ó fa ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn gùn wọ ojú ibi tí wọ́n ti rán awọ náà. Lọ́jọ́ tó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, mo fò sókè nínú ilé bí ọmọdé.

Ó ti padà wá sílé báyìí; kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ. Dókítà ní ìkọlù yẹn ló fà á, pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, kò mọ ara rẹ̀. Gbogbo obìnrin ni Àǹtí lójú rẹ̀. Bí a bá ní Ishaq ló ń jẹ́, á máa wò wá bí ẹni tó bá oníjìbìtì pàdé. Mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn án lórí fóònù rí, ó ní ta ni bọ̀dá yìí. Bọ́ọ̀lù yẹn nìkan ló gbà gbọ́. Á gbé e lé itan, á ka orúkọ àwọn márùn-ún tó ṣáájú, á wá fi ìka tọ orúkọ ìkẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìrù rẹ̀. Ìka náà á dá ọ̀nà mọ̀. Á ní, "Èmi nìyí." Lẹ́yìn náà ni yóò tó jẹun, yóò sì pè mí ní Àǹtí Mọ̀nsúrát.

Màámi wà ní yàrá wọn, lórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Màámi, bọ́ọ̀lù dà?"

"Mo ti fi ṣe sàráà." Wọn kò wò mí lójú. "Lẹ́yìn ìrun àsùbá, kó tó jí. Àfáà ní ká yọ sàráà nínú ohun tó fẹ́ràn jù, kí Ọlọ́run lè fún un lálàáfíà."

"Ẹ̀yin náà ẹ sì lọ gbé bọ́ọ̀lù!"

"Kí ni ǹ bá gbé? Nǹkan tó ba orí ọmọ mi jẹ́, ẹ̀ ń gbé e lé e lọ́wọ́ láràárọ̀!" Wọ́n tún fa tẹ̀sùbáà. "Àyúbà fọkanáísà ni mo fún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó lọ́mọ púpọ̀."

"Ẹ dìde ká lọ gbà á."

"Sàráà ni, Mọ̀nsúrát. Mo ti ké bisimilláhì lé e lórí. Ṣé kí n lọ bá Ọlọ́run pé kó dá a padà fún mi ni?"

Mo fẹ́ràn ìyá mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ti dé orí ahọ́n mi tí n kì bá tí lè kó jẹ mọ́ láéláé. Mo gbé e mì, mo jáde.

Mo ń sáré, mo ń rìn. Mo gba ẹ̀yìn ọjà kọjá nínú iyanrìn, bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀ mi. Kèké kan fẹ́ẹ̀ gbá mi, awakọ̀ rẹ̀ ní ṣé ilé ń jó ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run: kí àwọn ọmọ Àyúbà má tíì gbá a kiri.

Wọn kò tíì gbá a kiri. Àyúbà rí mi lókèèrè, ó pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí taya, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá o. God bless them. Mo ti tọ́jú ẹ̀ de Iléyá fún àwọn ọmọ." Ó yọ bọ́ọ̀lù náà nínú láílọ́ọ̀nù, ó gbé e fún mi. "Ẹ wo bó ṣe mọ́! Wọ́n ti kọ ìkọkúkọ sí gbogbo ara ẹ̀. Mo fi pẹtiróòlù nù ún, mo wá fi pólíìṣì kùn ún."

Ó ń dán bíi bàtà tuntun. Mo yí i lọ, mo yí i bọ̀. Mo gbé e sínú oòrùn, bóyá màá rí ojú ibi tí wọ́n tẹ gègé mọ́. Kò sí nǹkan kan. Inú ojú ibi tí wọ́n ti rán awọ náà nìkan ni mo ti rí ìrù lẹ́tà yẹn, kò gùn ju èékánná lọ. Mo bú sẹ́kún lójú títì, láàárín àwọn taya.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbé e lọ. Èmi ni mo fún yín o, kì í ṣe pé Ìyá gbà á padà."

Mo ra bírò máákà nínú ọjà. Fọ́tò bọ́ọ̀lù náà wà lórí fóònù mi. Màá wò ó kọ, èmi náà kọ́ ìwé. Mo jókòó sí pálọ̀, mo gbé bọ́ọ̀lù lé itan, mo ṣí ìdérí bírò.

Ishaq rí bọ́ọ̀lù náà, ojú rẹ̀ là. "Òun nìyẹn!" ló wí. "Wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹ mú bírò wá, Àǹtí, mo mọ̀ wọ́n."

Ó mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Ó kọ ti àkọ́kọ́, tó dẹ̀gbẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó jẹ́ pé òbìrìkítí lásán ni. Kò wo fọ́tò kankan. Màámi ti jáde, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Ó kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó kọ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Ó wá yí bọ́ọ̀lù náà sí ìsàlẹ̀. Ó fi ìka kan ojú ibi tí wọ́n ti rán an.

"Ìdọ̀tí kan ṣì kù níbí," ló wí. Kí n tó lanu, ó ti fi èékánná ha á kúrò.

Ó ń wo àyè tó ṣófo náà. "Ó ku ẹnì kan. Ta ló kù, Àǹtí?"

"Ìwọ ni, Ishaq. Ìwọ ló kù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú bírò náà, mo ní kó jẹ́ ká jọ kọ ọ́, kó kàn jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó rọra fà á yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá bírò padà fún mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí àlejò. "Ẹ má bínú. Èmi kì í buwọ́ lu ohun tí kì í ṣe tèmi."

Màámi ló gba bírò náà lọ́wọ́ mi. Wọn kò mọ̀wé. Àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀ ní báǹkì. Wọ́n fi bírò kun àtàǹpàkò wọn títí ó fi dúdú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí orúkọ ọmọ wọn wà tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo pa á rẹ́," ni wọ́n wí. "Kí tèmi wà níbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ishaq gbé bọ́ọ̀lù lé itan. Ó ka orúkọ àwọn márùn-ún. Ó dé ibi àtàǹpàkò, ó fi ìka tọ ọ́ yíká, ó tún un tọ̀, ó sì gbójú sókè.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Tèmi ni," ni Màámi wí. "Èmi ìyá Ishaq."

Ó dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. "Ẹ káàárọ̀ o, Mà," ló wí. "Ishaq ńkọ́?"

Màámi wò ó. Wọ́n sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá ẹni tó bá béèrè ọmọ wa lóhùn.

"Ó wà," ni wọ́n wí. "A dúpẹ́."