Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Gbà Lẹ́nu Mi

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ẹnu ò le, kó wá jókòó nínú yàrá onígíláàsì tí èmi àti Àǹtí ti ń ṣe ògbufọ̀ ní àjọ àgbáyé. Bí aṣojú orílẹ̀-èdè kan bá ní "inú ń bí mi," ìwọ náà á ní "inú ń bí mi," ì báà jẹ́ pé oorun ló ń kùn ọ́. Àǹtí ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Tí nọ́ńbà bá ti ń rọ́ jáde lẹ́nu aṣojú, wọ́n á yára kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á tì í síwájú mi. Tí ọ̀fun mi bá gbẹ, súìtì wọn ń bẹ. Atarodo ni wọ́n ń pè mí, torí inú mi kì í pẹ́ ru.

Lọ́dún yìí, orílẹ̀-èdè tó lówó jù nínú àjọ yarí. Ó ní òun ò san owó ẹgbẹ́ mọ́, àfi tí wọ́n bá dín ìnáwó kù. Àwọn tó kù ní irọ́ ni, kó kọ́kọ́ san gbèsè tó jẹ. Wọ́n fà á títí, ló bá já sórí àwa òṣìṣẹ́ tí a ò bá wọn dá sí i.

Níjọ́ ìpàdé ìṣúná, èmi ni mo wà nídìí maikirofóònù. Aṣojú orílẹ̀-èdè olówó náà dìde, ó húkọ́, ó sì dábàá pé kí gbogbo ògbufọ̀ tó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta máa lọ sílé.

Àǹtí á pé méjìdínlọ́gọ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ wọn àbíkẹ́yìn ṣì wà ní yunifásítì.

Ẹ gbà mí o! Mo lanu, ohùn ò jáde. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ń fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó wà létí wọn, wọ́n ń yíjú sí gíláàsì wa, wọ́n rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ṣé èmi ni màá wá sọ pé "mo dábàá"? Ẹnu tí obìnrin yìí kọ́ ni màá fi sọ ọ́? Láéláé!

Àǹtí rọra gbé ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnì, wọ́n fa maikirofóònù sọ́dọ̀ ara wọn. Ohùn wọn ò gbọ̀n rárá. "Mo dábàá pé kí gbogbo ògbufọ̀ tó ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta máa lọ sílé." Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ tán, títí kan "ẹ ṣeun" tí ọkùnrin náà fi kádìí ẹ̀. Ọwọ́ wọn kejì ò kúrò lórí tèmi.

Àwọn aṣojú dìbò. Àbá wọlé.

Nígbà tí ìpàdé sinmi díẹ̀, mo bú sẹ́kún. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́? Ẹ ò bá jẹ́ kí n bú wọn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Atarodo, tí o bá bú wọn, àwa méjèèjì la jọ máa lọ sílé." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú mi. "Ọmọ mi, mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu tìẹ ni màá ti gbọ́ ọ."

Wọ́n bọ́ bébà ara súìtì kan, wọ́n fi í sí mi lẹ́nu. Nígbà tí ìpàdé tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo jókòó sídìí maikirofóònù. Àǹtí mú bíírò, wọ́n ń dúró de nọ́ńbà.