Ewé Tó Wà Létí Odò

"Wọ́n ní Ìyá Eléwé ní, ní tọmọ yẹn, òun ò..."

"Òun ò kí ni?"

"Kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́ o. Ẹni tó sọ fún mi náà ní ohun tóun gbọ́ ni pé..." Afeezat dákẹ́ lójijì. Ó ti rí Ruqoyah tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ lẹ́yìn Susanna. Ó yíjú sí ẹnu ẹ̀rọ omi bí ẹni pé omi ló ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Ruqoyah gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ti àwọn tó kù. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kú àbọ̀, ọmọ wa. Ṣé o ti tibi iṣẹ́ dé?" Susanna ló dáhùn. Ó fẹ́ràn láti máa yọ Ruqoyah lẹ́nu nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango. "Ìwọ tí o ń fi ọwọ́ kan ṣe ọ̀rá, tí o tún ń fi ọwọ́ kejì ṣà á lódò. Ọwọ́ wo lo fi ń jẹun gan-an?"

Àwọn obìnrin tó wà nídìí omi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, Ruqoyah á bá wọn rẹ́rìn-ín, á tẹ orí ba. Lónìí kò rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Afeezat, kí ni Ìyá Eléwé wí?"

"Ta ló dárúkọ Ìyá Eléwé níbí?"

"Mo gbọ́, mà."

"Tí o bá ti gbọ́, kí lo tún ń bi mí sí? Èmi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tọwọ́ mi jáde. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni ìwọ, n ò ní yọjú sétí odò lọ́jọ́ Sátidé."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilo-Awela. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti máa fi tún odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá ṣe. Ọjọ́ Odò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kó ọ̀rá àti ike inú rẹ̀, wọ́n á la ojú omi, wọ́n á sì gbin nǹkan sétí rẹ̀ kí àgbàrá yé gé ilẹ̀ mọ́. Ruqoyah ló dá a lábàá. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò ló dìde nípàdé, tó ní bí àwọn bá ń wo odò yìí níran, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ á máa pè é ní gọ́tà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fi í ṣe olórí.

Ọjọ́ Odò àkọ́kọ́ lárinrin. Tọkọtaya gbé ọkọ́ wá, àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá, àwọn ìyá se ẹ̀wà wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀rá tán, ẹnì kan bi Ruqoyah pé igbó tó wà lápá òkè ńkọ́, èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ruqoyah wò ó. Ìdọ̀tí há sí i nídìí, ejò sì lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ ro ó." Wọ́n ro ó, wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí Ìyá Eléwé sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ gbalasa ló bá. Ewé eéran rẹ̀ ni wọ́n ro. Ìyá tó bí i ló gbìn ín síbẹ̀. Ewé yẹn ni àwọn ẹlẹ́kọ àti onímọ́ínmọ́ín máa ń ti Ọ̀tà wá rà kí ọ̀rá tó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí oníbàárà ti wá gbẹ̀yìn, síbẹ̀ ìyá náà ṣì máa ń lọ wò ó.

Ohun tó ń dun Ruqoyah jù ni pé ewé yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Ìwó ni Nàfísátù ìyá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Sango, tí iṣẹ́ alẹ́ bá sì kàn án, ọ̀dọ̀ Ìyá Eléwé lọmọ rẹ̀ máa ń sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ruqoyah á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo Ìyá bó ṣe ń gòkè bọ̀ láti odò, ìdì ewé lórí, omi ń kán sí i léjìká. Iṣẹ́ Ruqoyah ni kó fi aṣọ tútù nu ewé, kó to ńlá sára ńlá, kékeré sára kékeré, kí Ìyá tó fi ìko dì í. Yàrá náà á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Tí Ìyá bá sì se mọ́ínmọ́ín, Ruqoyah kì í tètè jẹ tiẹ̀. Á kọ́kọ́ tú ewé náà díẹ̀díẹ̀, á máa fìka tọ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé yà sára mọ́ínmọ́ín, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù, tí Ìyá á ní, "Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí o fẹ́ kà á?"

Nígbà tí Nàfísátù kú, Ìyá Eléwé nìkan ni ìyá tó kù fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti ro ewé yẹn, Ruqoyah kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá náà.

Ó fi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ nídìí omi, ó gba ṣọ́ọ̀bù Fàlílù lọ. Wẹ́dà ni Fàlílù, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Ó ń jó géètì kan lọ́wọ́, ó sì ṣí awò ojú rẹ̀ sókè nígbà tó rí i.

"Ìyálódò, kí ló dé?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wá ẹlòmíì tó máa ṣe olórí."

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọ́n ní Ìyá Eléwé ní àwọn ò fẹ́ rí mi mọ́."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́, sà."

"Gbogbo àdúgbò ò lórúkọ. Dárúkọ ẹnì kan fún mi." Fàlílù gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ yẹn, o ti lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Ojú ń tì mí."

"Ojú ń tì ẹ́, o wá fi ìyá arúgbó sílẹ̀ kí wọ́n máa rò pé o ò kà wọ́n sí. Jẹ́ kí n ṣanwọ́. O ò lè dá lọ, kò bójú mu. Ó yẹ kí ẹnì kan bá ẹ la ọ̀rọ̀ sílẹ̀."

Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ni, ó jókòó sórí ẹní lọ́ọ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Kàfáyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ruqoyah kúnlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, kò gòkè.

"Ìyá, ọmọ yín ni mo mú wá," ni Fàlílù wí. "Ó ṣe ohun tó dùn yín, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Ruqoyah ni Ìyá ń wò. "Ọ̀nà wo lo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Ìyá."

"Ṣe bí ọ̀nà yẹn jìn?"

"Ó jìn, Ìyá."

"Torí kí o má baà rí mi?"

Ruqoyah wolẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ Kàfáyá ń lọ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Ewé tí o ń bá mi nù láti kékeré," Ìyá rọra wí, "o ò dá a mọ̀?"

"N ò rí i níbi tó ti hù rí, Ìyá. Inú ìdì tí ẹ bá gbé délé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò jẹ́ ká débẹ̀."

Ìyá yíjú sápá ibi tí odò wà. Ògiri ilé onílé ló dí i lójú, ṣùgbọ́n ó wò ó pẹ́. "Inú omi yẹn la ti ń wẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Tí o bá dúró jẹ́ẹ́, ẹja á máa gbá ẹ lẹ́sẹ̀. Ìyá mi á máa já ewé, á máa kọrin, àwa á máa fọ́n omi síra wa. Ìgbà tó wá kan sáà tiyín, omi dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹ̀. A ò mọ ibi tó ti ń wá. Ọmọ tó bá wẹ̀ níbẹ̀, ara á máa yún un. Ẹ̀rù bà wá."

Fàlílù mi orí. Ó mọ ìgbà tí Ìyá ń sọ.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," Ruqoyah wí. "Tẹ́ ò bá tiẹ̀ fẹ́ rí mi mọ́ bí wọ́n ṣe wí, ẹ ṣáà dárí jì mí. Màá fi ipò olórí náà sílẹ̀."

"Ta ló ní n ò fẹ́ rí ẹ?"

"Wọ́n ní ẹ ní, ní tèmi, ẹ ò..."

"Mi ò kí ni?"

"Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn, Ìyá."

"Wọn ò parí ọ̀rọ̀ fún ẹ, o wá jókòó sílé ẹ, ò ń bá wọn parí ẹ̀." Ìyá gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Mo ti ń retí ẹ látọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ yìí tó ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti odò dé ni ò jẹ́ kí n wá. Gòkè wá jókòó. Kàfáyá, ìwọ lo wà níbí nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wá bá mi kẹ́dùn. Sọ ohun tí mo wí. Má fi tìẹ kún un."

Kàfáyá dá ẹ̀rọ dúró. Ó wo Ruqoyah tó ń gun àkàsọ̀ bọ̀.

"Wọ́n ní, 'Ní tọmọ yẹn, èmi ò rí ẹ̀bi ẹ̀. Àwa la lé àwọn ọmọ kúrò létí odò. Níbo ni ì bá ti mọ ewé? Ẹ bá mi sọ fún un kó wá, ká jọ lọ tún un gbìn.'"