Ọwọ́ Òsì Ọmọọba Kasimir

Níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àrẹ̀mọ ọba, ni ojú Ọmọọba Kasimir àti ti Apollonia ti ṣe mẹ́rin. Gbogbo ìlú Falkenrode ló kún ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìrì dídì ń bọ́, èrò ń tira wọn. Apollonia gbé ìbọ̀wọ́ dúdú tí bàbá rẹ̀ rán fún ààfin dání, kò ráyè kọjá. Kasimir tó ń tẹ̀ lé pósí gbójú sókè. Áà! Ọmọbìnrin náà gbàgbé ohun tó bá wá.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Kasimir kì í wá ra ìbọ̀wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

"Ọmọọba, ọwọ́ mélòó lẹ tiẹ̀ ní?" ni Walburga, àbúrò bàbá Apollonia, máa ń bi í.

Nígbà tó yá, ọba, bàbá Kasimir, gbà kí ó fẹ́ ẹ, àmọ́ ọwọ́ òsì ni kó fi gbà á níwájú pẹpẹ, bí àwọn ọmọọba ti ń fẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù. Apollonia kò ní jẹ́ olorì, ọmọ rẹ̀ kò sì ní jogún orúkọ bàbá.

"Ọwọ́ òsì!" Walburga pòṣé. "Ṣé egungun ni wọ́n fẹ́ jù fún ọ bí ajá ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Ìfẹ́ ló ní kóo fọ́jú?"

Kasimir pẹ̀lú kò rí oorun sùn. Ó ti kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé òun fi ìtẹ́ sílẹ̀ kí òun lè fi ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ Apollonia, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wù ló ń gbé e kiri. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ mú un jáde, á rí i tí bàbá arúgbó náà ń wo àga ẹ̀gbọ́n Kasimir tó ṣófo. Bí òun bá sì kúrò, Ottokar, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ni yóò jọba, ẹni tó ń ta ọ̀dọ́kùnrin fún ogun ọlọ́gun.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé.

"Ọmọọba, ẹ na ọwọ́ òsì," ni àlùfáà wí.

Kasimir nà án. Ọwọ́ náà dá dúró lófuurufú. Apollonia ti ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ.

"Kasimir, ìbọ̀wọ́ là ń rán nílé wa," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "A kì í ta ti òsì nìkan."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Gbà á, ọmọ yìí!" ni ọba jágbe. "Ọ̀pọ̀ ló ń wá irú ẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Kábíyèsí. Ó sàn kí n sunkún lọ sílé ju kí n bí ọmọ tí kò ní lè dárúkọ bàbá rẹ̀."

Ó yí padà. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí òkúta, kò wẹ̀yìn. Ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Kasimir sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀, tó rìn lọ síwájú bàbá rẹ̀, tó sì ki ọwọ́ bọ àyà ẹ̀wù.

Ọba mirí. "Mo ti sin ọ̀kan, Kasimir."

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

Omijé dà lójú Kasimir. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi fa lẹ́tà yọ. Ó fi lẹ́tà náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.