Oko Kẹwàá

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi àdéhùn sí. Tí aago mẹ́ta bá lù, tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn wà nínú géèmù Morádéyọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, tó ń gbé géèmù jáde fún títà, yóò fi géèmù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, yóò sì gbé e dé ibi gbogbo. Tí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, Morádéyọ̀ yóò pa á, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́jọ́ Ajé, èyí tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń fi ìbọn lé ara wọn kiri erékùṣù kan títí yóò fi ku ẹyọ ẹnì kan. Irú ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Nítorí pé ó pọ̀ ni Bánkọ́lé ṣe fẹ́ ẹ.

Ìwé àdéhùn wà lórí tábìlì mi. Bírò wà lórí rẹ̀.

Morádéyọ̀ ni ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí. Ó kàwé jáde ní yunifásítì tó wà níbí, ní Ọyẹ́. Kò wá iṣẹ́ ìjọba. Òun àti Festus, ọmọ Ìrèlé tí wọ́n jọ kàwé, ti lo ọdún méjì nínú pálọ̀ mi lórí géèmù yìí. Àáró ni wọ́n pè é. Ẹnu mi ló ti gbọ́ nípa àáró nígbà tó wà ní kékeré, tí mo ń sọ fún un bí a ṣe ń dáko ní Ìsàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ènìyàn mẹ́wàá ni géèmù náà máa ń kó jọ, níbikíbi tí wọ́n bá wà, lórí fóònù wọn. Oníkálukú ní oko. Ẹnì kan kò lè dá kọ ebè rẹ̀ tán kí òjò tó dé. Gbogbo wọn á kọ́kọ́ lọ sí oko ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á lọ sí ti ẹnì kejì, títí dé oko kẹwàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọjọ́ kan níbẹ̀, oko kan lóòjọ́. Ẹni tí kò bá lọ sóko ẹlòmíràn, ọjọ́ tirẹ̀ á pé, kò ní rí ẹnì kankan. Òjò á wọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kò sí ìbọn níbẹ̀.

Bánkọ́lé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láti Èkó ló ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì mu omi tí mo fún un tán.

"Bàbá," ó ní, "mo ti gbé géèmù tuntun mẹ́ta jáde rí. Tuntun lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣe irú wọn rí. Ṣé ẹ mọ ohun tó pa wọ́n?"

Mo ní rárá.

"Òfìfo, sà. Ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ ò bá ẹnì kankan. Géèmù tí èèyàn ń dá ṣe, tó bá ti dára, ó parí. Èyí tí a ń jọ ṣe, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ń mú un dùn. Ibi tí ọ̀rẹ́ wọn wà ni wọ́n ń lọ. Ọ̀rẹ́ wọn sì wà nídìí ìbọn. Tí mo bá ṣe tèmi bíi ti ìbọn, tí mo kàn yí aṣọ rẹ̀ padà, ẹni tó bá wọlé á ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó jókòó."

"Gbogbo yín wá ń ṣe ohun kan náà," ni Morádéyọ̀ wí. Kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni. A ò ya òmùgọ̀, àbúrò mi. Ẹ̀rù ló ń bà wá."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Mo ń dáko, mo sì ń ṣe káfíńtà. Ní ọdún tí a bí ìyá Morádéyọ̀, mo kan àga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, fún àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo kan mẹ́fà. Ọdún kan gbáko, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó lórí ọ̀kan. Ó ní ó tù ú lára. Ó lọ ra irú èyí tí wọ́n ń kàn ní Adó, nítorí òun ló wà nílé gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún kejì, èmi náà ń kan ti Adó. Mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. N kò kábàámọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn ni Morádéyọ̀ jókòó lé lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Aago méjì lù. Iná ti lọ láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ mi ń dún lẹ́yìn ilé. Kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé gbogbo géèmù náà dúró wà nísàlẹ̀ tábìlì. Tí epo bá tán, gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí i lórí Wásáàpù. Ọmọ Bẹ́núè wà nínú wọn, ọmọ Kánò, ọmọ Kàlàbá. Festus ń ka iye wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé.

"Mọ́kànlélógójì. Ọgọ́ta. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún." Ó fọwọ́ lu itan. "Ọgọ́rùn-ún ó lé méjìlá! Morádé, ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Jókòó."

Àwọn méjèèjì náà ń ṣe é lórí fóònù tiwọn, nínú ẹgbẹ́ kan náà. Oko Festus ni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn, ti Morádéyọ̀ ni ìkẹyìn. Bánkọ́lé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ta," ni Festus wí. "Méjìléláàádọ́rùn-ún. Kí ló dé?"

Ó tẹ kọ̀ǹpútà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó sáré jáde lọ wo bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ. Ó padà wọlé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà.

"Lórí fóònù mi, ó ń lọ dáadáa," ó ní. "Wọ́n ti kọ ebè mi ju ìdajì lọ."

Morádéyọ̀ ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ ránṣẹ́ sókè, ti ẹnì kan tẹ̀lé ti ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ti dúró. Ṣé fóònù mi ni? Wọ́n kàn jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Mo ti lọ o."

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

"Má kà á mọ́, Festus."

"Tí mi ò bá kà á, ṣé kò ní já?"

Mo dìde. Mo lọ dúró lẹ́yìn àga Morádéyọ̀. Oko àjèjì kan ló ń wò. Ènìyàn mẹ́sàn-án jókòó lábẹ́ igi, ọkọ́ wọn wà nílẹ̀. Olóko nìkan ló ń sá sókè sódò láàárín ebè, tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́. Oòrùn wà láàárín ọ̀run gan-an.

"Ebi ń pa wọ́n," mo ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Oòrùn ti kàn wọ́n látàrí. Olóko kò tíì fún wọn lóúnjẹ. Ta ló ń fi ebi gbé ọkọ́?"

Morádéyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ní Ìsàn, olóko ló ń sun iṣu fún ẹgbẹ́ tó bá wá bá a ṣe àáró. Bí ọ̀sán bá pọ́n, a ó jókòó. A kì í béèrè. Olóko mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo ti sọ ọ́ fún un, ó sì fi í sínú géèmù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́: ẹni tí kò bá jẹun lọ́sàn-án, kò ní lè gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ síbì kankan pé kí olóko lọ sun iṣu. Kò wá sí i lọ́kàn pé ó yẹ ká kọ ọ́. Àwọn tó ti ń bá wọn dán an wò tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìsàn àti ọmọ Ìrèlé ni gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè. Festus náà ti sun tirẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ inú géèmù náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohun kan.

"Mo máa yọ ọ́," ni Festus wí. Ó ti nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ìlà méjì péré ni. Kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ láìjẹun."

"Yọ ọ́," ni Bánkọ́lé wí. Kò pariwo. "Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ? Ta ló ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń yìnbọn?"

"Má yọ ọ́," ni Morádéyọ̀ wí.

"Morádé, méjìdínlọ́gọ́ta ló kù!"

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko olóko tí kò jẹun, ẹrú ni. Mo ní má fọwọ́ kàn án."

Ó fa kọ̀ǹpútà kúrò níwájú Festus. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ó fi ránṣẹ́ sójú fóònù gbogbo wọn: Olóko, àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ kò tíì jẹun. Iná wà ní ahéré. Iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

A dúró.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Márùndínlọ́gọ́ta.

Èéfín kan yọ lórí ahéré kan. Òmíràn yọ. Àwọn tó jókòó sábẹ́ igi dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Morádéyọ̀ sì ń kà á sókè.

"Ṣé oúnjẹ lẹ ti ń wá látàárọ̀? Ọ̀lẹ ni yín! Èmi jẹ méjì o. Olóko yìí láhun, ẹ wo epo tó bù."

Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Uṣu rè é! Epo dà?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe iṣu nílé wa; ọmọ wa ni ìyẹn ní láti jẹ́.

Festus rẹ́rìn-ín. Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ọgọ́ta. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n ń pe ara wọn padà."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ wúkọ́. Mo mọ ohùn yẹn: epo ti fẹ́ tán. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kẹ́ẹ̀gì epo tí mo fi pamọ́ fún ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó wà nídìí ògiri. Kò yẹ kí èèyàn bu epo sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á, gbogbo wọn á jáde. Mo bù ú díẹ̀díẹ̀. Ooru rẹ̀ ń jó mi lọ́wọ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà ká. Bánkọ́lé pàápàá ti dìde dúró.

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún," ni Festus wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

Aago ara ògiri mi lù lẹ́ẹ̀mẹta.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Bánkọ́lé mí kanlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ká sòótọ́, mi ò rò pé ẹ máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti jọ sọ ọ́." Ó mú bírò, ó nà án sí Morádéyọ̀. "Pa á, kí o bu ọwọ́ lùwé."

"Mi ò lè pa á."

"Kí ló dé?"

"Nínú gbogbo ẹgbẹ́, ó ku àwọn tí kò tíì kàn. Wọ́n ti bá àwọn tó ṣáájú ṣiṣẹ́."

"Eré ni, àbúrò mi."

"Wọ́n ti ṣiṣẹ́, sà."

Bánkọ́lé wò mí. "Bàbá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

"Ó ti sọ̀rọ̀," mo ní.

"Mo ní ẹlòmíràn ní Àkúrẹ́ tó máa ṣe ti ìbọn náà. Mo fẹ́ bá a kílẹ̀ tó ṣú." Ó wo Morádéyọ̀. "Tó o bá wá ṣe é tán fún wọn ńkọ́? Kí ló kàn?"

"Mẹ́ta tó kù," ni Morádéyọ̀ wí. "Màá wá wọn."

Bánkọ́lé ká ìwé rẹ̀. Festus kò tíì kúrò lójú kan.

"Morádé," ó ní. "Ọdún méjì. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ọ̀gá Bánkọ́lé ní àyè wà fún mi. Tó o bá ní kí n dúró..."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀." Ó wò ó nígbà náà. "Oko rẹ ni a kọ́kọ́ ṣe."

Festus kó láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sínú báàgì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ọkọ̀ Bánkọ́lé gbé wọn lọ.

Mo fa àga mi sún mọ́ ti Morádéyọ̀. Iye náà ń já, ṣùgbọ́n kò yára. Àwọn tí wọ́n ti bá ṣe tiwọn tán ló ń lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, ó kan oko Morádéyọ̀, ìkẹwàá nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó fi fóònù rẹ̀ síwájú mi kí n lè rí i. Ó dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́nì kankan. Ó ń jẹ èékánná.

Ẹnì kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n di méjì. Wọ́n di mẹ́rin. Orúkọ oníkálukú wà lókè orí rẹ̀. Ẹnì karùn-ún dé, ó dúró bí igi, kò mira. Ó tún rìn díẹ̀. Ó tún dúró.

Festus ni.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára lójú ọ̀nà Ìfàkì tí ọkọ̀ Bánkọ́lé gbà lọ. Ó lè kọ ebè kan kó dúró bí ẹni tó sùn, kó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Morádéyọ̀ kò pe orúkọ rẹ̀. Kò dúró kí oòrùn dé àárín ọ̀run kó tó lọ dáná. Ó sun iṣu, ó gbé ti Festus kalẹ̀ níbi tó dúró sí, títí yóò fi lè mira.

Òjò inú géèmù dé. Ebè méjì péré ni wọn kò rí kọ. Mo wo iye náà kí n tó dìde. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ènìyàn ló ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìgbà tèmi ní Ìsàn, àwọn tó máa ń kù títí dé oko kẹwàá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo lọ bu ìyókù epo sí jẹnẹrétọ̀.