Ẹyin Mẹ́fà Lábẹ́ Ìdí Mi

Mo jókòó lórí ẹyin mẹ́fà, ọmọ ọmọ mi sì ń ké nínú yàrá kejì. Ìlú Ẹstóníà ni. Ibẹ̀ ni Ìbídùnní ọmọ mi bímọ sí, mo sì wá wẹ ọmọ. Igbá tí mo kó kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú sí wà lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn ẹyin náà ń yọ̀ bí ara ìgbín. Wọ́n tutù, wọ́n sì ń mí.

Máríkà, ìyá ọkọ ọmọ mi, òyìnbó gbọọrọ kan báyìí, jókòó sórí ẹyin tirẹ̀ lápá kejì, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Mo ní, "Àna mi, mo ti pète pé èmi ni n ó wẹ ọmọ yìí láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Níbí, a kì í kàn pète, Ìyá," ó wí. Yorùbá rẹ̀ já gaara bíi ti ará Ìkìrun. "A máa ń sàba lé e ni, bí adìẹ. Ma haun plaani. Lédè wa, ìyẹn ni pé, mo ń sàba lé ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wí i."

Mo wí i. Ìyẹ́ adìẹ tútù kan bọ́ lẹ́nu mi pẹ̀lú itọ́.

"Ṣé gbogbo yín lẹ máa ń sọ eléyìí?"

"Títí kan ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì."

Ilẹ̀kùn yàrá ọmọ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹni tí ẹyin rẹ̀ bá là ni òun máa ṣí fún. Ó ní ìwọ́ ọmọ yóò já lọ́sàn-án, bó bá sì já kí n tó wọlé, ọwọ́ mi kò ní kan omi ìwẹ̀ rẹ̀ láéláé.

Mo fìdí mọ́ ẹyin. Mo fi ìró bò wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo sì ń kọrin:

Ọmọ ń ké o, omi ti gbóná,
Ìyá àgbà ò ráàyè dìde.

Bàbá Láṣebìkan wọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti kú láti ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì Ìkìrun. Erùpẹ̀ sàréè kún etí rẹ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Nígbà tí mo padà jókòó, ẹyin kan ti bàjẹ́. Ó rùn débi pé yàrá náà fi ògiri méjì dí imú.

Ìyá mi wọlé. Mo kúnlẹ̀. Ẹyin kejì bú, omi rẹ̀ àwọ̀ ewé ṣàn sí mi nítan, ó fà bí ikun. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ìdin wà nínú omi náà, àwọn ìdin sì kí ìyá mi pé ẹ kú àtijọ́. Mo bì sínú igbá. Ọṣẹ dúdú ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bì lé òun lórí.

Àwọn àgbà ilé ọkọ mi mẹ́ta tò wọlé tẹ̀lé e. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin mẹ́ta lọ. Ó ku ẹyọ kan.

"Adìẹ tó ń dìde kí àlejò," Máríkà wí, kò gbójú sókè.

"Ṣé kí n jókòó kí n máa wo àgbà ni? Ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́ níbí ni?"

"A ní ọmọ."

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi wọlé, Ìyá Aláró, aró dé e ní ìgúnpá. Nígbà ayé rẹ̀, bí mo bá pẹ́ kí n tó kúnlẹ̀, ó máa ń béèrè bóyá orúnkún mi ti joyè. Ó dúró níwájú mi. Orúnkún mi fẹ́ dìde fúnra wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì wọ́n mú.

"Ìyàwó."

"Ìyá wa."

"O rí mi?"

"Mo rí yín, ìyá mi. Ma haun plaani."

"Kí nìyẹn?"

"Mo ń sàba ni, ìyá mi. Ẹ má bínú. Ọmọ ń ké."

Ó tutọ́ aró sí mi lójú. Ó nípọn, ó gbóná, ó ń rùn bí ìtọ̀ ọjọ́ méje. Ó ń ṣàn lọ sẹ́nu mi. Mi ò nù ún. Mo ń kọrin mi lọ, aró ń wọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ mi bí a ti ń ki ọwọ́ sábẹ́ adìẹ.

"Ó gbóná," ó wí. "Sún."

Mo sún. Ó jókòó sórí àwọn tó bàjẹ́. Wọ́n dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba orin lẹ́nu mi.

Ẹyin tó kù là. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló jáde nínú rẹ̀, pẹ̀lú ikun lára. Mo wo apá mi, kò sí ọwọ́ níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ náà gbọn ara rẹ̀, ó mú kànìnkànìn nínú igbá, ó fi ìka rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ tí omi ta, tí ọmọ dákẹ́.

Mo fẹ́ dìde lọ wò ó. Ìyá Aláró gbá ìró mi mú.

"Jókòó," ó wí. "Kò tíì wẹ ẹ̀yìn ọmọ."