Pátákó Pupa, Pátákó Àwọ̀ Ewé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù October ọdún 2014 ni wolé-wolé dé sí ilé oúnjẹ Fọlọ́runṣọ́. Láti àárọ̀ ni ìkùukùu ti gòkè wá láti odò Thames. Ó ti bo òpópónà tó lọ sí stéṣọ̀n Woolwich Dockyard débi pé bọ́ọ̀sì tó bá ń kọjá dà bí ilé tó ń rìn. Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, nínú ìkùukùu nìkan ni òun àti gbogbo ayé ti ń rí ohun kan náà.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Òun àti Ìyèbíyè ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀, lẹ́yìn tí òun fi iṣẹ́ gbígbá ọ́fíìsì sílẹ̀, tí ìyàwó náà sì fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ ló ń dáná, ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì ń tìtorí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá láti Thamesmead. Ìyèbíyè ló máa ń dúró níwájú, tí í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣáá. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tí ó ti kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ó sì lọ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó kàn jáde lọ ra nǹkan ní ìkángun òpópónà.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé Ìyèbíyè nìkan ló mọ̀ nípa ọkọ rẹ̀. Ojú Fọlọ́runṣọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin pupa àti àwọ̀ ewé. Láti kékeré ni. Ìyá rẹ̀ a rán an lọ já ata lẹ́yìn ilé, a já èyí tó pọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí kò pọ́n, wọn a sì nà án pé kò fetí sí ohun tí wọ́n rán an. Bó ṣe kọ́ láti máa gbóòórùn ata nìyẹn, tó ń fi ìka tẹ tòmátì wò kó tó já a. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó dàgbà, ó sì gbé àṣírí náà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí London. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ pátápátá, nígbà tó bá wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ènìyàn wọ funfun, tí kò sí aṣọ kankan láti yàn.

Nínú kíṣìnì, ìyàwó rẹ̀ ti bá a wá ọ̀nà sí i. Àwọn pátákó tí wọ́n fi ń gé nǹkan ní ilé oúnjẹ ìlú yìí, kálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa fún ẹran tí kò tíì dé iná, búlúù fún ẹja, àwọ̀ ewé fún àwọn nǹkan tí a máa ń jẹ láìsè, àwọ̀ ilẹ̀ fún iṣu àti kárọ́ọ̀tì. Lójú Fọlọ́runṣọ́, yàtọ̀ sí ti ẹja, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ìyèbíyè kan ìṣó mẹ́rin mọ́ ògiri, ó ń fi pátákó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, láti òsì lọ sí ọ̀tún, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ wọ́n. Ọwọ́ ni Fọlọ́runṣọ́ fi ń mọ̀ wọ́n. Ìṣó kìíní, ẹran. Ìṣó kẹta, ẹ̀fọ́.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, ó dá a ṣe fún oṣù díẹ̀, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́, ó gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Báyọ̀ láti máa fọ abọ́. Ènìyàn tó mọ́ tónítóní ni Báyọ̀, àmọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bá ló ń fi pátákó kọ́ sí. Fọlọ́runṣọ́ kò sọ fún un pé ipò wọn ní ìtumọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé yóò béèrè ìdí.

Wolé-wolé tí àwọn káńsù rán wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ń jẹ́ Patricia. Obìnrin gíga kan ni, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà funfun, ó sì mú tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́. Ó ṣí fíríìjì, ó wo bí ó ṣe tutù tó, ó tan iná sí ẹ̀yìn fírísà, ó yẹ ibi ìfọwọ́ wò. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹ̀yìn náà ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ Fọlọ́runṣọ́, ẹni tó ń gé kùkúńbà àti tòmátì lọ́wọ́, ó sì wo tábìlì náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, pátákó wo lẹ fi ń gé kùkúńbà yẹn?”

“Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ni, Madam. Ti ẹ̀fọ́ ni.”

Patricia wo pátákó náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó wá ní kó fi èyí tó fi gé adìẹ láàárọ̀ han òun. Fọlọ́runṣọ́ nawọ́ sí èkejì, ó ní ti pupa nìyẹn. Ìkòkò ń hó lórí iná. Nínú bí obìnrin náà ṣe dákẹ́ ni Fọlọ́runṣọ́ ti mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ ní ìdàkejì. Patricia fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ohun kan wà tó fẹ́ sọ fún òun. Ó ní rárá. Obìnrin náà ní kó da kùkúńbà náà nù, ó sì dà á nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà dé. Nínú òǹkà ìmọ́tótó tí káńsù ń fún ilé oúnjẹ, oókan ni wọ́n fún un nínú márùn-ún. Sítíkà wà nínú àpò ìwé náà, irú èyí tí àwọn ilé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, tí òǹkà kan gbàǹgbà wà lára rẹ̀. Lẹ́tà náà sọ pé àwọ̀ ewé àti dúdú ni sítíkà náà. Lójú Fọlọ́runṣọ́, ó dà bí ewé tó ti gbẹ lórí igi. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní fóònù lè rí òǹkà náà, àwọn ènìyàn sì rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dín kù. Rosaline, tó máa ń ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, rọra sọ fún un pé àwọn yóò máa sè é fúnra àwọn fún ìgbà díẹ̀ ná. Obìnrin náà kò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló dùn ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀, Báyọ̀ sì ti jáde lọ ra ọṣẹ. Fọlọ́runṣọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ooru kíṣìnì ń fẹ́ sí i lẹ́yìn, oorun sì gbé e lọ. Ó bá ara rẹ̀ ní etí odò ní Thamesmead, ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn lẹ́yìn àwọn ilé Moorings níbi tó ń gbé. Omi náà parọ́rọ́ bí epo nínú àwo. Ìyèbíyè ń lọ níwájú rẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, aṣọ náà sì ní àwọ̀ kan tí Fọlọ́runṣọ́ kò rí rí láyé rẹ̀. Kò jọ ohun tó ní orúkọ. Ó ń rá mọ́ ọn lójú bí èéfín ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun kan gba àárín àwọn méjèèjì kọjá lórí afẹ́fẹ́, láìfi ìyẹ́ lu. Ó pè é, ó bi í pé kí ni wọ́n ń pe àwọ̀ yìí.

Ìyèbíyè kò dúró. Ó kàn wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bàbá Fìyìn, ẹ bi Fìyìn.”

Agogo ilẹ̀kùn ló jí i. Fìyìnfólúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ló wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí. Kì í fi “ẹ” ọ̀wọ̀ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá náà kò sì fi ṣe nǹkan mọ́.

“Daddy, mo rí i lórí fóònù. Wọ́n fún ọ ní one. Wọ́n ní o gé salad lórí pátákó ẹran. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ojú àlá kò tíì kúrò lójú Fọlọ́runṣọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì láti àádọ́ta ọdún fi jáde láìjà.

“Ojú mi kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, Fìyìn. Kò mọ̀ ọ́n rí.”

Fìyìnfólúwa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wọ kíṣìnì lọ, ó mú pátákó méjì wá, ó gbé wọn sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò wọ́n títí, ó ní ojú òun rí pátákó méjì, àwọ̀ kan. Ọmọ náà jókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́: bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ọjà Woolwich pé ẹ wo bí tòmátì yìí ṣe pọ́n, ẹ má mú tọ̀hún, kò tíì pọ́n, bó ṣe máa ń kéde táì tí bàbá rẹ̀ fẹ́ so bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, bí wọ́n bá jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà a ní Bàbá Fìyìn, òdòdó aládùúgbò wa ti yọ pupa láàárín ewé.

“Mo rò pé Mummy kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni,” ni Fìyìnfólúwa wí. “Mo máa ń sọ fún un pé kó dákẹ́.” Omijé ti dé ojú rẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó kàn wá iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.”

Lọ́jọ́ kejì ó pe Patricia lórí fóònù, ó sì sọ ohun gbogbo fún un. Patricia ní òun ti fura, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ó wá sọ ohun kan tó ya Fọlọ́runṣọ́ lẹ́nu. Ó ní òfin kò sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ rárá. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kí omi ẹran tútù má ṣe kan ohun tí ènìyàn fẹ́ jẹ láìsè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi àwòrán mọ ìyàtọ̀, tàbí kó fi tábìlì ọ̀tọ̀ mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n.

Fìyìnfólúwa wá pátákó tuntun rí, tí wọ́n ya àwòrán adìẹ, ẹja àti ewé sí lára. Wọ́n gbé ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ kan kíṣìnì, ti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Fọlọ́runṣọ́ pe Báyọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un láìfi bò. Báyọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, bíi pé òun ló ba ojú náà jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Báyọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣa ata, tí ń to èyí tó pọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n béèrè fún àyẹ̀wò mìíràn. Òwúrọ̀ kan ní oṣù January ni Patricia yọ sí wọn lójijì. Ó bi Báyọ̀ ní ìbéèrè, ó bi Fọlọ́runṣọ́, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo kọ̀rọ̀. Mẹ́rin ló fún wọn. Ó ní táìlì kan ti là lẹ́yìn fírísà, ìwé àkọsílẹ̀ wọn kò sì tíì pé, ohun tó mú kó má pé márùn-ún nìyẹn. Fọlọ́runṣọ́ lẹ sítíkà náà mọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn, ó jáde síta lọ wò ó, ó tún wọlé, ó tún jáde. Hámzàt, awakọ̀ kan tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀. Ó ní ebi ìkọ́kọrẹ́ ti ń pa òun láti oṣù tó kọjá. Àwọn nọ́ọ̀sì padà ní méjì-méjì. Ti Rosaline pẹ́ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó di oṣù March, ó pè pé òun ń fẹ́ mọ́ínmọ́ín àádọ́ta.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ní gbọ̀ngàn tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń lò ní Thamesmead, Fọlọ́runṣọ́ dìde nígbà ẹ̀rí jíjẹ́. Kì í ṣe ẹni tó máa ń jẹ́rìí. Ó dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù náà, ó dúpẹ́ pé iṣẹ́ òun kò kú, ó wá sọ ohun tó ń ṣe ojú òun fún wọn. Kò gùn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe hallelujah mẹ́ta, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ó rìn lọ sí etí adágún omi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà láti gba afẹ́fẹ́. Oòrùn kékeré kan ti yọ, gbogbo nǹkan sì rọ̀ lójú bí ohun tí a ń wò láti inú omi. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọlátúnbọ̀sún ni, alàgbà ìjọ, baba ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Baba náà dúró ti í, sùtánà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń wo omi.

“Brother Fọlọ́runṣọ́,” ló wí, “èmi náà.”

Fọlọ́runṣọ́ yíjú sí i.

“Ìyàwó mi kò mọ̀,” ni baba náà tún wí. “Ọdún mẹ́tàlélógójì tí a ti fẹ́ra.” Ó nawọ́ sí koríko tó yí adágún náà ká. “Báwo ni èyí ṣe rí lójú tiyín?”

Fọlọ́runṣọ́ wò ó dáadáa kó tó dáhùn. “Ó rí bí oyin, Daddy.”

“Ẹn-ẹ́n,” ni Ọlátúnbọ̀sún wí. “Oyin ni.”

Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ń fà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ kọjá lórí omi, wọ́n sì jọ ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, baba náà ní òun ń lọ sílé, òun fẹ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà tó gbé lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gba etí adágún náà lọ láìyára.