Ẹjọ́ Líìkì Hilda Tulip

Nígbà tí ìdíje ẹni tó gbin líìkì tó tóbi jù ku ọ̀sẹ̀ kan, Ridley Charlton jí láàárọ̀, ó bá mẹ́ta nínú àwọn líìkì rẹ̀, irú àlùbọ́sà gígùn kan, tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tó nípọn bí itan ọmọ ọdún kan, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nílẹ̀, orúkọ Hilda Tulip sì wà lára èèkù rẹ̀.

Opó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Hilda, ọgbà òun àti Ridley ló jọ pààlà. Ọdún mẹ́ta ni Ridley ti ń gba ẹ̀bùn ìdíje mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti oṣù karùn-ún, wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ọlọ́pàá kò wádìí jìnnà kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan Hilda pé ó ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́.

Lọ́yà rẹ̀, Priya Menon, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Hilda bu tíì fún un, ó sì ní kó ṣàlàyé.

"Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ẹ̀ṣẹ̀ sí, mà. Àwọn kéékèèké, ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ló ń parí wọn. Àwọn ńlá bí ìpànìyàn àti ìdigunjalè, ilé ẹjọ́ òkè ni wọ́n ń bá lọ, ará ìlú méjìlá ló ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi. Àwọn tó wà láàárín, ibi méjèèjì ni wọ́n ti lè gbọ́ wọn."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ohun tó bàjẹ́ kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn. Ìsàlẹ̀ ni tiyín."

"Bí mo bá fẹ́ àwọn méjìlá yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò ní gbà."

Hilda ro ó lọ, ro ó bọ̀. "Ká ní wọ́n ní mo jí i ni?"

"Olè jíjà wà láàárín. Wọn á bi yín níbi tẹ́ ẹ fẹ́."

"Ìyẹn ni pé olè láǹfààní àtiyan, ẹni tó gé e ò ní?"

Priya rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́ o."

Àfi bíi pé ó gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹjọ́, ọkùnrin náà dìde, ó ní níwọ̀n ìgbà tí líìkì kan ti sọnù, àwọn yóò fi ẹ̀sùn olè rọ́pò ti àkọ́kọ́. Hilda ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ mẹ́ta forí korí, wọ́n ní ẹjọ́ náà kò ju agbára àwọn lọ. Akọ̀wé wá yíjú sí Hilda: ṣé ibí ni, àbí òkè?

Priya rọra sọ sí i létí pé, "Ibí yá. Lókè, ó lè ju ọdún kan kí wọ́n tó pè yín, ìyà ibẹ̀ sì lè le jù."

Hilda wo àwọn adájọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ bàbá àgbàlagbà láàárín wọn ní erùpẹ̀ dúdú lábẹ́ èékánná, bíi ti ẹni tó ń ro ọgbà. Hilda rò ó pé inú ọbẹ̀ nìkan ni àwọn méjìlá yẹn lè ti mọ líìkì.

Ó ní, "Ibí ni mo fẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Bàbá yẹn ní kí wọ́n bi Ridley bóyá òun alára ti lo ọ̀bẹ náà rí. Ridley wo Hilda.

"Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, ká tó jà. Mi ò lè búra pé mo dá a padà."

Àwọn adájọ́ kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dá Hilda sílẹ̀.

Níta, Ridley ní, "Hilda, má bínú."

"Mo ti gbọ́. Ta ló wá gé e?"

"Mi ò mọ̀." Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń rò ó.

Síbẹ̀ ọkàn Hilda kò kúrò lára ibi tí kò yàn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Newcastle, ó jókòó sí ìjókòó àwọn òǹwòran ní ilé ẹjọ́ òkè. Ẹjọ́ adigunjalè ni. Ó ń wo àwọn méjìlá náà bí wọ́n ṣe ń búra. Ọ̀dà ilé wà lára apá aṣọ obìnrin kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń tiraka kó má baà yán. Ó ń wá ẹni tí ì bá gba òun gbọ́ nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó bi òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹnikẹ́ni lè wá jókòó síbí lójoojúmọ́?"

"Ẹnikẹ́ni, mà. Aago mẹ́wàá la máa ń bẹ̀rẹ̀."

Hilda jáde lọ jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì rẹ̀ kíákíá, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òun.